Fífọ nìkan kò tó fún ewébẹ̀ tó hù nílẹ̀ olóró

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tí ẹ ń dáko sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti ń tún bátìrì mọ́tò ṣe tẹ́lẹ̀, tí ẹ béèrè bóyá omi iyọ̀ àti fínígà lè fọ oró kúrò lára ewébẹ̀ yín. Fífọ nìkan kò tó. Mi ò lè dákẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, torí ó dé ara ọmọ tèmi.

Ọgbà wa wà láàárín títì tí mọ́tò kì í dá lórí rẹ̀ àti ògiri ilé àtijọ́ kan tí ọ̀dà ara rẹ̀ ń bó. Ilẹ̀ náà dúdú, ó lọ́ràá, ewébẹ̀ ibẹ̀ sì ń tutù yọ̀yọ̀. Ìgbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wa kékeré wò tí wọ́n bá òjé, irin olóró tó wà nínú bátìrì mọ́tò àti ọ̀dà àtijọ́ míì, nínú rẹ̀ ni dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í bi wá léèrè ibi tó ti ń ṣeré. La bá bu yẹ̀pẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Èyí tí a bù nídìí ògiri ló burú jù lọ. Ti àárín ọgbà kò sún mọ́ ọn rárá. Wẹ́wẹ́ ọ̀dà wà nínú yẹ̀pẹ̀ ìdí ògiri yẹn. Tí ẹ bá fi ìka méjì rá a, á di lẹ́búlẹ́bú, á sì pòórá mọ́ yẹ̀pẹ̀.

Òjé kì í sábà gba gbòǹgbò dé ewé, torí ó máa ń lẹ̀ mọ́ yẹ̀pẹ̀ gan-an. Eruku tó bà lé ewé, yẹ̀pẹ̀ tó kù lára kárọ́ọ̀tì, èyí tó há sábẹ́ èékánná ọmọ tó ń fọwọ́ sẹ́nu, àwọn wọ̀nyí ló ń gbé e wọlé sára. Níbi ti òjé, ẹ fọ ewébẹ̀ dáadáa, ẹ bó èèpo ohun tó ta sínú ilẹ̀, kí gbogbo ẹni tó bá wọ ọgbà sì fọ ọwọ́, kí wọ́n bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà. Kádímíọ̀mù, irin olóró mìíràn, ní tirẹ̀ máa ń bá omi gòkè láti gbòǹgbò, á sì wọ inú ewé lọ. Kò sí omi tó lè fọ̀ ọ́ jáde níbẹ̀, iná ìdáná kò sì lè pa á. Inú kíndìnrín ló ń lọ jókòó sí fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ má rò pé àkókò ti wẹ ilẹ̀ yín mọ́ torí pé àwọn oníbátìrì ti kó lọ. Òjé kì í jẹrà. Láti ọdún 1923 ni wọ́n ti ń ta epo mọ́tò tó ní òjé nínú, ọdún 2021 ni orílẹ̀-èdè tó kẹ́yìn, Àlùjíríà, sì tó jáwọ́ ńbẹ̀. Èyí tó ti bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ṣì wà níbẹ̀.

Nítorí náà, àyẹ̀wò yẹ̀pẹ̀ ló ṣáájú. Ẹ bù ú lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti ibi tí bátìrì wà, láti etí títì, láti àárín oko, ẹ má pò wọ́n pọ̀. Kí ẹ lè mọ bí ẹ ó ṣe ka èsì rẹ̀: ní oṣù kìíní ọdún 2024, EPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká ní Amẹ́ríkà, dín ìwọ̀n òjé tó ń kọ wọ́n lóminú nínú ilẹ̀ ilé gbígbé kù láti mílígíráàmù 400 sí 200 nínú kílò yẹ̀pẹ̀ kan.

Bí èsì yín bá ga, ẹ pa ilẹ̀ yẹn tì. Ẹ fi pákó kọ́ ebè gíga, ẹ tẹ́ aṣọ nípọn sísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì da yẹ̀pẹ̀ mímọ́ tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 30 ó kéré tán sínú rẹ̀. Ẹ yẹra fún pákó tí wọ́n ti fi oògùn kòkòrò rẹ. Àsẹ́níìkì, oró mìíràn, wà nínú òmíràn. Bó bá jẹ́ pé ó ga díẹ̀ ni, ajílẹ̀ tó jẹrà dáadáa àti láìmù oko, ìyẹn ìyẹ̀fun òkúta ẹfun, máa ń di òjé àti kádímíọ̀mù mú nínú yẹ̀pẹ̀. Àsẹ́níìkì kì í gbọ́ ti láìmù ní tirẹ̀, láìmù tiẹ̀ lè tú u sílẹ̀ sí i, torí náà ẹ má tíì da nǹkan kan sílẹ̀ kí èsì tó dé.

Ewé tó wà lóko yín lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ má ká a fún àwọn ọmọ. Tòmátì, ata àti ilá kì í gba oró tó ewé, nítorí èso ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí èsì dé ná.