Èsì: Àbájáde àyẹ̀wò ilé-ọmọ Màmá

Ẹ kú ìtọ́jú Màmá, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ní ìwé tí wọ́n fún yín ní Àkúrẹ́ sọ pé jẹjẹrẹ ilé-ọmọ Màmá ní ER àti PR (ohun tó ń gba họ́mọ̀nù ẹsitirójìn àti projẹ́sítírónì lára sẹ́ẹ̀lì), p53 (pùrótéènì tó ń dá sẹ́ẹ̀lì tó bàjẹ́ dúró) kò yí padà, ṣùgbọ́n pùrótéènì MLH1 àti PMS2 ti pòórá. Ẹ wá ń béèrè bóyá ER àti PR ló burú níbẹ̀.

Rárá o. Awọ inú ilé-ọmọ tó dá ṣáṣá náà ní wọn, àwọn ló ń gbọ́ ohun tí họ́mọ̀nù bá wí. Jẹjẹrẹ tó ṣì ní wọn sábà máa ń rọjú ju èyí tó ti sọ wọ́n nù.

Iṣẹ́ mi ni láti máa wo irú ẹran ara yìí lórí gíláàsì, lábẹ́ maikirosikóòpù. Lára sẹ́ẹ̀lì tó dá, àwọ̀ tí a fi ń wá p53 kì í dọ́gba: ọ̀kan á dúdú, èkejì á fẹ́ẹ́rẹ́. Èyí tó bá ti bàjẹ́, gbogbo rẹ̀ á dúdú kirimú, tàbí kí àwọ̀ má sí níbẹ̀ rárá. Inú mi dùn gan-an pé ti Màmá kò rí bẹ́ẹ̀.

MLH1 ni kí ẹ gbájú mọ́. Òun àti PMS2 jọ ń tún àṣìṣe inú DNA ṣe ni. Bí MLH1 bá lọ, PMS2 á tẹ̀ lé e. Ẹ sọ fún dókítà pé ẹ fẹ́ àyẹ̀wò methylation MLH1, ìyẹn àmì kẹ́míkà tó ń pa jíìnì MLH1 lẹ́nu mọ́ nínú jẹjẹrẹ náà. Bí kò bá sí methylation, ó lè jẹ́ Lynch syndrome, tó ń tẹ̀ lé ìdílé, tó sì ń fa jẹjẹrẹ ìfun pẹ̀lú. Ẹ̀yin àti àwọn àbúrò yín á ní láti yẹ ara yín wò nìyẹn. Fún àyẹ̀wò methylation náà, ẹ béèrè bulọ́ọ̀kù ìda tí wọ́n fi ẹran tí wọ́n gé lára Màmá sí. Ibẹ̀ ni wọ́n á ti gé èyí tí wọ́n máa lò, wọn ò ní tún fọwọ́ kan Màmá.