Kí ni kí ẹgbẹ́ olórin yanjú kí wọ́n tó tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọmọ mi ọkùnrin àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ẹgbẹ́ olórin ní St. Louis, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń po punk, orin gìtá líle tí ó ń sáré, pọ̀ mọ́ country, orin àwọn ará ìgbèríko Amẹ́ríkà. Ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá kan ti ń pè wọ́n. Kí ni kí wọ́n kọ́kọ́ ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun, ìyá wa. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn olórin tí mo bá ń bá yẹ ìwé wò ni pé àdéhùn àárín àwọn fúnra wọn ni kí wọ́n kọ sílẹ̀ ṣáájú ti ilé iṣẹ́. Ìtòsí ọmọ yín gan-an ni àpẹẹrẹ rẹ̀ wà, nítorí pé Belleville, ní ẹ̀bá St. Louis, ni Jay Farrar, Jeff Tweedy àti onílù wọn, Mike Heidorn, ti dá Uncle Tupelo, ẹgbẹ́ olórin tí òun náà po punk pọ̀ mọ́ country, sílẹ̀ ní 1987. Nínú àwo orin wọn àkọ́kọ́, No Depression, tí ó jáde ní 1990, gìtá oníná á bú ramúramù, á dákẹ́ lójijì, á tún bú. Bẹ́ẹ̀ sì ni orin tí wọ́n fi sọ àwo náà lórúkọ jẹ́ orin ìgbàgbọ́ tí ìdílé Carter, àwọn olórin country àtijọ́, ti gbé sínú rẹ́kọ́ọ̀dù láti 1936.

Farrar àti Tweedy ni wọ́n ń hun orin, oníkálukú sì sábà máa ń fi ohùn ara rẹ̀ kọ èyí tí ó bá hun. Agbára wọn nìyẹn, ibẹ̀ náà ni ìkòkò ti sán. Anodyne, àwo tí èmi fẹ́ràn jù lọ nínú irú orin yìí, jáde lábẹ́ ilé iṣẹ́ ńlá Sire ní oṣù kẹwàá 1993. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún 1994, wọ́n ti ń ṣeré ìdágbére ní St. Louis. Farrar lọ dá Son Volt sílẹ̀, Tweedy àti àwọn tí ó kù nínú ẹgbẹ́ nígbà náà di Wilco. Ọ̀rọ̀ owó àwo mẹ́ta àkọ́kọ́ kò sì tíì tán nígbà náà: ọdún mélòó kan lẹ́yìn ìpínyà ni wọ́n gbé ilé iṣẹ́ kékeré tí ó gbé wọn jáde lọ sí kóòtù.

Nítorí náà, kí àwọn ọmọ wa kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí: ta ló ni orin kọ̀ọ̀kan, báwo ni wọn yóò ṣe máa pín owó rẹ̀, ta ni yóò máa jẹ́ orúkọ ẹgbẹ́ bí ẹnì kan bá lọ. Nínú ìwé ilé iṣẹ́, kí wọ́n fara balẹ̀ ka ibi tí ó sọ nípa ẹni tí ó bá kúrò, torí pé ó sábà máa ń fún ilé iṣẹ́ láṣẹ láti di ẹni náà mú fún orin tí ó bá dá ṣe lẹ́yìn náà; kí wọ́n sì gba ẹ̀tọ́ láti yẹ ìwé ìṣirò owó wò. Agbẹjọ́rò tí àwọn fúnra wọn san owó fún ni kí ó bá wọn kà á.