Kí Ni Leopard Gecko Ń Jẹ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ̀gbọ́n mi fún mi ní leopard gecko, irú alángbá kan tí wọ́n ń sìn nílé. Mo gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n fún un, kò tiẹ̀ wò ó. Ṣé kí n máa mú ìrẹ̀ fún un nínú oko obì bàbá wa? Ọmọ Ṣàgámù.

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, kì í jẹ èso rárá; kòkòrò ààyè ni oúnjẹ rẹ̀. Ìrẹ̀ dára, àmọ́ má mú tinú oko tí wọ́n ń fọ́n oògùn sí, mo bẹ̀ ọ́! Ra èyí tí wọ́n ń sìn. Kí ìrẹ̀ náà má tóbi ju àlàfo àárín ojú gecko rẹ méjèèjì lọ. Da ìyẹ̀fun kálísíọ́mù sí ìrẹ̀ náà lára, kí egungun ẹran rẹ má baà rọ̀. Ọmọ gecko ń jẹun lójoojúmọ́. Àgbà lè fo ọjọ́ kan tàbí méjì. Ìrù rẹ̀ ló ń tọ́jú ọ̀rá sí: bó bá ń tín-ín-rín, tètè wá dókítà ẹran. Má sì fi ìrù gbé e o, ó máa ń já.