Ṣé ìrun ẹni tó ń lo oògùn àìbalẹ̀ ọkàn kò gbà ni?

Ìbéèrè: Àsàláámù àlékúmù, Ààfáà. Aṣọ ni mò ń tà ní Ouando, níbí ní Àjàṣẹ́. Ó ti lé lọ́dún kan tí àyà mi máa ń ṣàdédé já, tí ọwọ́ mi ń gbọ̀n, tí n kì í rí oorun sùn. Wọ́n mú mi lọ rí dókítà ọpọlọ, ó fún mi ní oògùn, hóró kan lójúmọ́, ó ní n kò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra mi. Oṣù méjì rèé, mo ti ń sùn. Àmọ́ àbúrò ọkọ mi gbé wáàsí kan wá lórí WhatsApp. Oníwáàsí náà ní ọtí ni gbogbo oògùn tó bá ti wọ ọpọlọ, pé ìrun ogójì ọjọ́ ẹni tó bá lò ó kò gbà, àti pé ẹni tí ìmáànì rẹ̀ kò tó ni ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀. Ṣé kí n dà á nù? Àwọn ìrun tí mo ti kí ńkọ́?

Ìdáhùn: Wa àlékúmù sàláámù, ọmọ mi. Má da oògùn rẹ nù. Ìrun rẹ dára, o kò ní san ẹyọ kan padà. Mo tètè sọ ọ́ kí àyà rẹ lè rọlẹ̀ kí o tó ka ìyókù.

Èmi náà ti gbọ́ wáàsí yẹn. Hadisi ogójì ọjọ́ wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó mu ọtí ni Ànábì, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, sọ ọ́ fún. Ẹni tó bá gbé e kúrò lórí ọtí lọ sórí oògùn aláìsàn ti dá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sọ lórí ẹ̀sìn.

Mazhabu Imaamu Maliki, ìyẹn ọ̀nà tó gbà túmọ̀ òfin ẹ̀sìn, ni àwa ń tẹ̀ lé. Gbogbo ọmọ ilé kéwú ló mọ Risala, ìwé òfin ẹ̀sìn ti Ibn Abi Zayd. Ibẹ̀ náà ló ti sọ pé a kò gbọdọ̀ fi ọtí ṣe ìtọ́jú, mo sì mọ̀ pé ibẹ̀ ni oníwáàsí náà máa sá sí. Ṣé oògùn yìí wá jẹ́ ọtí? Al-Qarafi, onímọ̀ Màlíkì pàtàkì tó kú ní Íjíbítì ní 1285, ti tú u palẹ̀ nínú ìwé rẹ̀ al-Furuq. Ó pín ohun tó ń kan làákàyè sí mẹ́ta: muskir, èyí tó ń pa èèyàn bí ọtí, tí inú onítọ̀hún á máa dùn, tí á máa ṣe bí akọni, murqid, èyí tó ń kun èèyàn lóorun, àti mufsid, èyí tó ń da làákàyè rú láìsí ìdùnnú kankan nínú rẹ̀. Ó ní nǹkan mẹ́ta ló wà fún ti àkọ́kọ́ nìkan: ìyà tí sharia là sílẹ̀, kó jẹ́ nájísì (ohun àìmọ́), àti kí díẹ̀ rẹ̀ jẹ́ haramu bí púpọ̀ rẹ̀. Nínú méjì tó kù, ìwọ̀n tí kò bá ti gbé làákàyè lọ, ó tọ́ láti lò ó. Èyí tó ń kunni lóorun gan-an ni wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ fún! Oògùn bíi tìrẹ, tí a ń lò lójoojúmọ́, ó lè gba ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́fà kó tó ràn mọ́ èèyàn. Ọtí wo ló ń dúró bẹ́ẹ̀?

Nínú Risala yẹn kan náà, ojú kan ṣoṣo ni Ibn Abi Zayd kó ruqya (kíka Kùránì àti àdúà sí aláìsàn lára), wíwá ìṣọ́ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun àti mímu oògùn sí, ó ní kò sí aburú níbẹ̀. Ta ló wá pín wọn níyà? Àwọn tó ń ta hàǹtú, omi tí wọ́n fi fọ ọ̀rọ̀ Kùránì kúrò lórí wàláà, ni, tí wọ́n ń sọ fún aláìsàn pé kó ju oògùn dókítà nù kí tiwọn tó lè jẹ́. Bidia ni, àdádáálẹ̀ nínú ẹ̀sìn, ó sì ń pani. Ọmọ kéwú mi kan gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu, ó dá oògùn dúró lójijì. Mo bá a lẹ́yìn mọ́sálásí níbi tó ti fẹ́ ṣe àlùwàlá, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n débi pé omi inú búta ń dà sí i lẹ́sẹ̀, kò dé ojú rẹ̀. Èmi ni mo bá a bu omi náà. Ó padà sọ́dọ̀ dókítà rẹ̀, ara rẹ̀ sì balẹ̀.

Ní ti ìmáànì, a gbà pé ìrántí Ọlọ́hun ni ọkàn fi ń balẹ̀, ó wà nínú Suratu Ra'd. Ṣùgbọ́n Ànábì Yaqub sunkún títí ojú rẹ̀ fi funfun, ta ló máa sọ pé ìmáànì rẹ̀ kò tó? Ànábì wa fúnra rẹ̀ máa ń wá ìṣọ́ lọ́dọ̀ Ọlọ́hun kúrò níbi àníyàn àti ìbànújẹ́, Anas, sàhábà rẹ̀, ló gbà á wá nínú ìwé hadisi Bukhari. Àìṣà sì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ pé talbina, ẹ̀kọ ọkà báálì, ń tu ọkàn aláìsàn lára, ó sì ń mú díẹ̀ lọ nínú ìbànújẹ́. Ohun tí a ń fi ẹnu mu ni, ọkàn ló sì ń tọ́jú.

Bí oorun oògùn bá gbé ọ kọjá àsùbáà, kí i nígbà tí o bá jí. Òògbé fẹ́ẹ́rẹ́ kò ba àlùwàlá jẹ́. Tí Ramadan bá dé, bi dókítà bóyá o lè lò ó nígbà ìṣínu tàbí sààrì. Bó bá ní ààwẹ̀ máa pa ọ́ lára, jẹun, kí o san án padà nígbà tí ara bá yá. Fàmasí ni kí o ti máa rà á, pẹ̀lú ìwé dókítà. Má rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé igbá oògùn kiri: oògùn oorun míì wà tó jẹ́ pé bí èèyàn bá ń dá a lò, ó máa di bárakú sí i lára.

Sọ fún àbúrò ọkọ rẹ pé mo ń kí i. Kó wá bá mi lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun alásàrí, kó mú fóònù náà dání, kí a jọ gbọ́ wáàsí yẹn látòkèdélẹ̀.