Kí ló dé tí orúkọ pòtétò fi yàtọ̀ ní Pólándì, Czech àti Serbia?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi obìnrin ń kàwé ní Pólándì. Ziemniaki ni wọ́n ń kọ sára pòtétò lọ́jà níbẹ̀. Ó lọ sí Prague ní Czech, brambory ló bá. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Serbia ní krompir làwọn ń pè é. Ṣebí wọ́n ní èdè wọn bára tan? Ṣé ohun kan náà ni, kó má lọ ra ohun tí kò mọ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ohun kan náà ni, kó fọkàn balẹ̀ rà á.

Èdè wọn bára tan lóòótọ́. Ẹ wo aáyù: czosnek ni ní Pólándì, česnek ní Czech, chesnok ní Rọ́ṣíà. Inú ọ̀rọ̀ ìṣe àtijọ́ kan ló ti wá, èyí tó jọ “ya” tiwa tí a fi ń ya irun, tí a fi ń ya aṣọ, torí pé aáyù máa ń ya sí wẹ́wẹ́. Wọ́n ti ń jẹ aáyù kí èdè wọn tó pín yà.

Ti pòtétò kò rí bẹ́ẹ̀. Gúúsù Amẹ́ríkà ni àwọn ará Sípéènì ti gbé e wá sí Yúróòpù láàárín ọdún 1500 sí 1600. Nígbà yẹn, oníkálukú ti wà láyè ara rẹ̀ tipẹ́, ó sì sọ ọ́ lórúkọ tó bá a lẹ́nu mu. Ziemia ni ilẹ̀ lédè Pólándì, ziemniak sì ni ohun inú ilẹ̀. Àwọn Czech rántí ibi tó gbà dé ọ̀dọ̀ wọn: Branibor ni wọ́n ń pe Brandenburg ti Jámánì láyé àtijọ́. Krompir ni mo fẹ́ràn jù. Grundbirne ni lẹ́nu àwọn ará Jámánì kan, ìyẹn èso pear inú ilẹ̀. Ẹ pe Grundbirne kíákíá lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ ó gbọ́ bó ṣe ń di krompir. Kartofel ti Rọ́ṣíà náà, Jámánì ló ti wá.

Àwa náà ṣe bẹ́ẹ̀. Iṣu ni iṣu, bí àwọn kan tilẹ̀ ń pè é ní usu. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ tó ti òkè òkun wá, ibìkan ń pè é ní gbágùúdá, ibòmíràn ní pákí.

Bó bá dé Poznań, ìlú kan ní Pólándì, tó gbọ́ pyry, pòtétò náà ni. Bó bá jẹ́ kúkúndùnkún ló ń wù ú jẹ, kó béèrè bataty.