Irọ́ ti kàn mí, òfin irọ́ náà ti kàn mí

Ẹ̀gbọ́n, ẹ béèrè bóyá ó yẹ kí ìjọba ṣòfin tí yóò máa fìyà jẹ ẹni tó bá gbé irọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ tún ní àwọn tí irọ́ ò tíì kàn ló ń pariwo òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ. Irọ́ ti kàn mí. Irú òfin tí ẹ ń bèèrè fún náà ti kàn mí.

Wọ́n yọ fọ́tò mi níbi tí mo gbé e sí, wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé gbọ́mọgbọ́mọ ni mí. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹnì kan ti fi ohùn obìnrin tó ń sunkún tẹ̀ lé e, tó ní ọmọ òun ni mo gbé. Mi ò rí obìnrin náà rí. Ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló gbé fóònù wá bá mi: "Mọ́mì, ṣé ẹ̀yin nìyí?" Mo fẹjọ́ sun ilé-iṣẹ́ tó ni ìkànnì náà. Ọjọ́ mẹ́rin kọjá kí wọ́n tó fèsì, gbólóhùn kan péré: fọ́tò náà kò lòdì sí ìlànà àwọn. Mi ò yọjú síta fún ọjọ́ mọ́kànlá. Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a. Ohun tí mò ń rò nínú ilé ni ẹni tí wọ́n á ti lù pa kí ọjọ́ yẹn tó pé.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì, mo kọ ọ́ síta pé oògùn tó ti kọjá àsìkò ni wọ́n ń fún àwọn aláìsàn níbì kan. Mo ya páálí oògùn náà, déètì ara rẹ̀ hàn ketekete. Ọjọ́ kejì ni ọlọ́pàá pè mí, wọ́n ní mo ń tan ìròyìn òfegè kálẹ̀ láti da ìlú rú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ọ̀gá tó ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu mi béèrè pé, "Ìyá, ta ló rán yín?" Kò bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé ṣé òótọ́ ni. Fóònù mi lo ọjọ́ mọ́kàndínlógún lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí mo gbà á, fọ́tò páálí yẹn kò sí nínú rẹ̀ mọ́.

Malaysia ṣe irú òfin yìí lọ́dún 2018. Ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n dá lẹ́bi lábẹ́ rẹ̀, ọmọ Denmark kan, sọ nínú fídíò pé 50 ìṣẹ́jú ni ọlọ́pàá fi pẹ́ kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n ti yìnbọn pa èèyàn. Ọlọ́pàá ní ìṣẹ́jú 8 ni. Wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n tún bu owó ìtanràn lé e. Ọdún 2019 ni ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn dìbò láti fagi lé òfin náà. Ní Singapore, mínísítà ló lè pàṣẹ pé kí ẹ lẹ àtúnṣe mọ́ ọ̀rọ̀ yín, ẹ sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bẹ òun náà kí ẹ tó lè gba kóòtù lọ.

Jámánì di ẹrù òfin tiwọn lé àwọn ilé-iṣẹ́ tó ni ìkànnì lórí ní 2017: kí wọ́n yọ ohun tó hàn gbangba pé ó rúfin láàárín wákàtí 24, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ìtanràn lè tó mílíọ̀nù 50 yúrò. Nínú òfin náà, tí òfin Yúróòpù ti gba ipò rẹ̀ lọ́dún 2024, kò sí ìtanràn fún yíyọ ohun tí kò yẹ ní yíyọ. Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ni ilé-iṣẹ́ náà, kí lẹ máa ṣe?

Òfin àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù ti 2022 tẹ́ mi lọ́rùn díẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ bá yọ ọ̀rọ̀ yín, ó gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀. Bó bá sì kọ ẹjọ́ tí ẹ fi sùn, ẹ láṣẹ láti pè é padà sí i. Èyí tó bá rú òfin náà lè san tó ìdá 6 nínú 100 owó tó ń wọlé fún un kárí ayé lọ́dún. Ká ní mo ní irú rẹ̀ nígbà yẹn, gbólóhùn kan kọ́ ni wọn ì bá fi lé mi lọ.

Mi ò ní kí òfin má sí. Kó mú ẹni tó fi fọ́tò ẹlòmíràn ké sí àwọn tó máa lù ú pa. Kó mú ẹni tó ń jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn láti fi lu jìbìtì. Ṣùgbọ́n adájọ́ ni kó dá a, kí mínísítà àti ọlọ́pàá yé dá a. Kí kóòtù sì yá, ẹ̀gbọ́n, ìyẹn ló ń dùn mí jù. Oṣù méje ni mo fi ń lọ tí mò ń bọ̀ kí n tó gba ìwé àṣẹ pé kí wọ́n yọ fọ́tò mi.

Ó ṣì ń jáde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan títí di òní. Ìwé adájọ́ yẹn ni mo máa ń fi ránṣẹ́ sí wọn, wọ́n sì ń yọ ọ́ lọ́jọ́ kan náà.