Owó ìfẹ̀yìntì Abuja àti iṣẹ́ kíà ní Manchester

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ ní PTAD, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì, ló ń san owó ìfẹ̀yìntì yín, ẹ wá ríṣẹ́ kíà, iṣẹ́ títọ́jú arúgbó àti aláìsàn, ní Manchester, ẹnì kan sì ní wọ́n á gé owó náà tí Abuja bá gbọ́. Irọ́ ni. Iṣẹ́ tí ẹ ti ṣe tán ni wọ́n ń san án fún. Ẹsẹ̀ 173 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sì ní wọn ò gbọ́dọ̀ dá a dúró láìsí òfin tó fàyè gbà á.

Iṣẹ́ ìjọba nílé lòfin dí lọ́nà. Ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì ò gbọ́dọ̀ gba ju ipò olówó oṣù kan lọ nílé iṣẹ́ ìjọba. Bí wọ́n bá pè yín sí bọ́ọ̀dù iléeṣẹ́ ìjọba lọ́la, ẹ lè jẹ́ ẹ. Ìkejì ni wàhálà. Iṣẹ́ ilé iṣẹ́ òkèèrè ní tiẹ̀, ààrẹ, gómìnà, igbákejì wọn àti adájọ́ àgbà Nàìjíríà nìkan ni wọ́n kà á léèwọ̀ fún. Àfi tẹ́ ẹ bá ti ṣe gómìnà rí tẹ́ ẹ ò sọ fún wa.

Ohun tó ń dá owó dúró gan-an ni kẹ́ ẹ má ṣe àyẹ̀wò "I Am Alive", èyí tẹ́ ẹ fi ń fi hàn PTAD pé ẹ ṣì wà láàyè. Ẹ ò ní wọ bàálù torí ẹ̀: fóònù tó ní kámẹ́rà iwájú àti íntánẹ́ẹ̀tì tó dáa ti tó. Ẹ kọjú sí ìmọ́lẹ̀, ẹ má kẹ̀yìn sí fèrèsé, ẹ ṣí fìlà, ẹ bọ́ awò. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó kóun bá yín ṣe é, ẹ má dá a lóhùn.

Síìmù Nàìjíríà yín ńkọ́? Ẹ má jẹ́ kó kú o. Tí wọ́n bá fi nọ́ńbà yẹn fún ẹlòmíì, ọ̀dọ̀ ẹni yẹn ni kóòdù báńkì á máa lọ. Ẹ máa ra káàdì sí i, kẹ́ ẹ fi pe ilé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Nàìjíríà kì í gba owó orí lórí owó ìfẹ̀yìntì náà, àmọ́ ẹ jẹ́ kí akáúńtáǹtì bá yín wo bí ẹ ó ṣe kọ ọ́ fún HMRC, àwọn agbowó orí ìjọba UK, torí àdéhùn owó orí wà láàárín orílẹ̀-èdè méjèèjì. Tẹ́ ẹ bá ń gba Universal Credit tàbí Pension Credit, owó ìrànwọ́ ìjọba UK, ẹ sọ ọ́ níbẹ̀ náà, bó ti wù kó kéré tó nígbà tí náírà bá di pọ́n-ùn.